Ìgbà Tí Ọkọ Mi Kú Lórí Tẹlifíṣàn

Èmi ò mọ nọ́ńbà ọdún. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó jẹ́ ọdún kejì sí ìgbà tí gbogbo ayé fi aṣọ bo imú, tí àwọn lèmọ́mù ní kí a máa yàgò fún ara wa bí a bá ń kírun, tí a jẹ ẹran Iléyá láìbọ ara wa lọ́wọ́. Ọdún náà ni àwọn onífíìmù wá sí ilé wa ní Ẹdẹ, tí ọkọ mi sì kú lórí tẹlifíṣàn. Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ ní kí n tètè sọ fún yín pé ọkọ mi wà láàyè, kí ẹ má baà máa kẹ́dùn. Ó wà láàyè. Ó wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Ilé àtijọ́ ni ilé wa, alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú, tí àgbàlá wà láàárín rẹ̀. Àwọn ọmọ ti ní kí a wó o kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun, ọkọ mi ò gbà. Iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe kí ojú rẹ̀ tó kọ̀ láti rí ihò abẹ́rẹ́. Láti ìgbà tó ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀, iṣẹ́ méjì ló kù tó ń ṣe: ìrun kíkí àti wíwo fíìmù ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́.

Fíìmù yìí, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ládùúgbò wa. Ìtàn ọlọ́pàá kan ni, àgbàlagbà tó máa ń rọra rìn, tó máa ń mú agboòrùn dání lójò lẹ́ẹ̀rùn. Bí wọ́n bá pa ẹnìkan, àwọn ọlọ́pàá yòókù á máa sáré kiri, òun á bọ́ bàtà, á jókòó sílẹ̀ ti òkú, á wò ó títí, á wá ní, "Òkú kì í parọ́. Alààyè ni kí ẹ kó wá fún mi." Apá kìíní jáde, ìkejì jáde, ìkẹta, ìkẹrin. Bí ọ̀kan bá ti parí, àwọn èèyàn á máa bèèrè òmíràn bí ẹni ń wá oṣù ààwẹ̀ lójú ọ̀run. Ọkọ mi wo gbogbo rẹ̀ ní àwòtúnwò. Bí ẹran bá dín nínú ìkòkò mi, á kó àwọn ọmọ ọmọ jọ sí àgbàlá, á bọ́ bàtà, á jókòó ti ìkòkò, á ní, "Ìkòkò kì í parọ́. Epo ṣì wà létè ẹni tó jẹ ẹ́." Ẹni tó bá sáré nu ẹnu, òun náà ló jẹ ẹran. Ó ti mú ọ̀pọ̀ ọ̀daràn báyìí. Ìgbà kan wà tí kò rí ẹnikẹ́ni mú, mo wo ètè òun náà, epo ń dán níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú ilé wa tí kò sí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó lè yanjú rẹ̀. Ọkọ mi ní àbúrò kan ṣoṣo, ọmọ ìyá rẹ̀. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, nítorí náà Ọkọ Kékeré ni mo ń pè é, láti ìgbà tó ti ń fi ṣòkòtò péńpé lé ewúrẹ́ kiri títí tó fi di bàbá àwọn ọmọ. Inú ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí. Ọkọ Kékeré wá fẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní abúlé Alájùé lẹ́yìn ìlú, ó bá ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì dá oko síbẹ̀. Ìyẹn ò dá ìjà sílẹ̀. Ní Ẹdẹ níbí, ta ni kò ní onígbàgbọ́ nínú ẹbí? Bí a bá pa àgbò Iléyá, itan kan á lọ sí Alájùé. Bó bá di Kérésì, ìrẹsì àti adìyẹ á ti ibẹ̀ wá.

Ikú ìyá wọn ló dá a sílẹ̀. Òwúrọ̀ kùtù ni ìyá kú, nígbà tí fóònù ò tíì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. A rán ọlọ́kadà sí Alájùé, ìlẹ̀kùn tó wà ní títì ló bá. Ọkọ Kékeré àti ìyàwó rẹ̀ ti lọ sí oko ẹgàn. Àwọn àáfà ní oòrùn ń lọ, òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Ọkọ mi bọ́ síta, ó wo ọ̀nà, ó wọlé, ó tún jáde lọ wò ó. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n máa bá a lọ. Wọ́n sin ìyá sí ẹ̀gbẹ́ ilé, lábẹ́ igi ìṣin.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni Ọkọ Kékeré dé, ẹrẹ̀ oko ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ti tẹ́ ló bá. Kò sunkún. Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, "Ẹ ti bo ìyá mi mọ́lẹ̀ bí ẹni bo iṣu. Ẹ ò jẹ́ kí n da ìkúnwọ́ yèèpẹ̀ kan sí i."

Ọkọ mi ní, "Ẹ̀sìn ló ní kí a má fi falẹ̀."

Ó ní, "Ṣé ẹ̀sìn ni ìyá bí ni, àbí èmi?"

Ó yí padà, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan àgbàlá wa mọ́. Àwọn àgbà bẹ̀ ẹ́ títí. Itan àgbò ò yé lọ sí Alájùé o, bẹ́ẹ̀ ni adìyẹ Kérésì ò yé dé, ṣùgbọ́n ọmọ ló máa ń gbé e wá. Ọkọ mi á bèèrè pé, "Ta ló gbé e wá?" Èmi á ní, "Ọmọ rẹ̀ ni." Á ní, "Kò burú." Kò tún ní jẹ nínú adìyẹ náà. Lọ́jọ́ kan ó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi. Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, bí èmi náà bá kú, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n á sin mí. Ta ni yóò dúró dè é? Àti pé bí wọ́n bá tilẹ̀ dúró, ṣé yóò wá?" Mo ní kó lọ wo fíìmù rẹ̀.

Bí a ṣe wà nìyẹn tí àwọn onífíìmù fi dé. Ilé àtijọ́ ni wọ́n ń wá, èyí tí wọ́n á ti ya apá karùn-ún, tí wọ́n á sì gbé jáde lórí tẹlifíṣàn. Wọ́n rí tiwa. Ọ̀gá tó ń darí wọn, ọkùnrin kúkurú kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń lé adìyẹ, dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ mi, ó ní fíìmù ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Kò tíì sọ ọ́ tán tí ọkọ mi fi ní, "Ẹ wọlé, ẹ wọlé!" Kí n tó mọ̀, wọ́n ti fa wáyà kọjá lójú ààrò mi.

Mo bi wọ́n pé, "Kí lẹ fẹ́ ṣe nínú ilé wa gan-an?"

Ọ̀gá náà ní, "A fẹ́ pa bàbá arúgbó kan ni, màmá."

Ṣé ẹ rí nǹkan? Àṣé ẹni tí yóò ṣe òkú yẹn ò tíì dé, ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Wọ́n dúró, wọ́n dúró, oòrùn ń lọ. Ni ọ̀gá náà bá bẹ̀rẹ̀ sí wo ọkọ mi láti orí dé ẹsẹ̀.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá wa kú díẹ̀."

Mo ní, "Kú kí ni?"

"Díẹ̀ ni, màmá. Kó tó di Alásárì, wọ́n á ti jí."

"Ìwọ náà ò ní bàbá ni? O ò ṣe ní kí tìrẹ wá kú?"

"Bàbá tèmi ti kú, màmá."

"Ó ti mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Lọ pè é wá."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo fi máa wo ẹ̀gbẹ́ mi, ọkọ mi ti na ara sílẹ̀ lórí ẹní. Ó ń bèèrè pé, "Ṣé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò jókòó tì mí?" Wọ́n ní òun ni. Ó ní, "Ẹ kun ẹ̀jẹ̀ sí mi lórí."

Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n wọn ò ní fi aṣọ funfun bò ó, nítorí kì í ṣe eré ni aṣọ funfun. Mo sì wọ yàrá lọ, mo mú orógbó kan wá, mo fi sí i lọ́wọ́. Orógbó ní í gbó ni sáyé. Mo ní, "Dì í mú. Bí o bá jù ú sílẹ̀, èmi náà á ṣe fíìmù tèmi fún ọ." Ó dì í mú.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dé pẹ̀lú agboòrùn rẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó ti ọkọ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí yẹ ara rẹ̀ wò bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní kí òun tú ìkúùkù òkú wò, orógbó yí bọ́ sílẹ̀. Mo ní mo ti bà á jẹ́ fún wọn. Ọkùnrin náà mú orógbó, ó yí i wò, ó ní, "Ẹni tó di orógbó mọ́wọ́ ń múra àtipẹ́ láyé ni. Bàbá yìí ò kú ikú ara rẹ̀." Ọ̀gá kúkurú yẹn fò sókè. Ó ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní orí ló fi orógbó síbẹ̀. Mo ní, "Orí kọ́, èmi ni."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ó ku ibì kan. Nínú ìtàn wọn, òkú náà ní àbúrò kan tí wọ́n jọ ń jà, àbúrò náà sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń fura sí. Ṣé ẹ gbọ́? Kò sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ ilé wa fún wọn. Wọ́n ní kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí n káwọ́ lérí, wọ́n sì kọ́kọ́ ya èmi nìkan. Ọmọkùnrin tó ń ṣe àbúrò wọlé, ó ṣubú lé ọkọ mi láyà, ó ké pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dá mi lóhùn! Ẹ má lọ láìjẹ́ ká parí ìjà!"

Mo rí i láti ibi tí mo dúró sí. Ojú ọkọ mi wà ní dídì, omi sì ń ti abẹ́ rẹ̀ yọ, ó ń ṣàn lọ sí etí.

Ọ̀gá náà ní kí wọ́n dúró. "Bàbá, òkú kì í sunkún o."

Ọkọ mi ní, "Ẹ má bínú. Èéfín ló kó sí mi lójú."

Èmi ò dáná láti àárọ̀. Wọ́n tún un ṣe, omi tún dé. Nígbà tó sú wọn, wọ́n yí ojú rẹ̀ sí ògiri.

Oṣù díẹ̀ kọjá kí wọ́n tó ránṣẹ́ pé Ọjọ́ Àìkú báyìí ni wọ́n á gbé e jáde. Ọkọ mi ti sọ fún gbogbo ẹni tó ní etí. Lẹ́yìn ìrun Àyílà lọ́jọ́ náà, a gbé tẹlifíṣàn sẹ́nu ìlẹ̀kùn kó kọjú sí àgbàlá, àwọn èèyàn gbé bẹ́ǹṣì àti ẹní wá. Ọlọ́pàá kan wà tó yá yàrá ẹ̀yìn lọ́dọ̀ wa; òun náà jáde pẹ̀lú ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ àti síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó ń ṣàtakò sí gbogbo nǹkan. "Àwa kì í ṣe é báyìí. A kì í fọwọ́ kan òkú báyìí." Obìnrin kan láàárín àwọn aládùúgbò ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ o. Ewúrẹ́ mi tó sọ nù láti ọdún tó kọjá, ṣé ẹ ti rí i?" Ó yíjú sí tẹlifíṣàn.

Nígbà tí ọkọ mi yọ lórí ẹní pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lórí, ariwo ta.

"Bàbá ti kú o!"

"Wọ́n rẹwà lókùú ju ààyè lọ!"

"Ó mí! Mo rí ikùn rẹ̀, ó mí!"

Ọkọ mi ní, "Afẹ́fẹ́ ló gbé aṣọ mi."

Orógbó yí bọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wá dìde, ó kọjú sí wa gan-an bí ẹni rí wa, ó ní, "Ẹ bá mi wá àbúrò olóògbé. Ibi yòówù kó wà, òun ni kí ẹ mú wá." Ibẹ̀ ni iná lọ.

Áà! Èpè tí wọ́n ṣẹ́ fún àwọn oníná lọ́jọ́ náà, n kò lè jẹ́ kí ọmọ yìí kọ ọ́. Jẹnẹrétọ̀ wa ò ní epo, a rán ẹnìkan lọ rà á. Kò sí ẹni tó fẹ́ lọ sílé. Gbogbo wọn jókòó sí àgbàlá, ẹlòmíràn fọwọ́ lẹ́rán, ẹlòmíràn ń mi orí, ẹlòmíràn ń pòṣé. Ọkọ mi ní kí òun kúkú lọ ṣe àlùwàlá de Alásárì. Ó gbé búútà, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbòmíràn nígbà yẹn, ẹ̀yìn ìgbà náà ni a tó gbọ́ ọ. Ọkọ Kékeré ti ṣọ́ọ̀ṣì dé Sẹ̀kọ́nà, tí kò jìnnà sí Alájùé, lọ́jọ́ náà, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù kan létí ọ̀nà láti ra bátìrì sí rédíò rẹ̀. Òun ò ní tẹlifíṣàn, kò sì mọ nǹkankan nípa fíìmù. Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ àti iye tí ẹ̀gẹ́ ń lọ lọ́jà ló ń gbọ́ nínú rédíò. Tẹlifíṣàn ń sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ó gbójú sókè, ó rí igi ìṣin ilé wa. Ó rí ògiri wa. Ó rí èmi tí mo káwọ́ lérí lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílẹ̀ lórí ẹní pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lórí, ó sì gbọ́ tí ọlọ́pàá ní kí wọ́n wá àbúrò olóògbé níbi yòówù kó wà.

Kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní bí èèyàn bá ti rí òkú ọmọ ìyá rẹ̀, kí ló tún kù tó fẹ́ bèèrè? Ohun kan ṣoṣo ló wá sí i lọ́kàn: Mùsùlùmí ni ẹ̀gbọ́n òun, oòrùn sì ti ń yí. Àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù létí ọ̀nà kó irinṣẹ́ jọ síbì kan. Ó fa ṣọ́bìrì kan yọ nínú rẹ̀, ó gun ọ̀kadà, ó ní, "Ẹdẹ! Sáré!"

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Ọ̀kadà já wọ iwájú ilé, Ọkọ Kékeré sì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ funfun tó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣọ́bìrì léjìká. Ó rí èrò tó kún àgbàlá. Ó rí àwọn tó fọwọ́ lẹ́rán. Ṣọ́bìrì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó, ẹ má sọ fún mi pé ẹ ti sin ín."

Mo nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

"Oòrùn ṣì wà! Mo rí oòrùn! Ẹ ní kí àwọn àáfà dúró!" Ó bú sẹ́kún, àgbàlagbà ọkùnrin, ó sọ ara sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, ó tajú kán rí ọlọ́pàá wa nínú ṣòkòtò iṣẹ́. Ó fi orúnkún rìn lọ bá a, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i. "Ọ̀gá, èmi ni àbúrò tí ẹ ń wá. Èmi kọ́ ni mo pa á, ṣùgbọ́n n kò ní sá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ná. Bí mo bá sin ín tán, kí ẹ wá mú mi."

Ọlọ́pàá ń fẹ̀yìn rìn. "Bàbá, èmi ò mú yín o! N kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lónìí!"

Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti ẹ̀yìnkùlé yọ, búútà lọ́wọ́, omi àlùwàlá ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Ta ló ń ké nínú ilé mi?"

Ọkọ Kékeré wò ó. Ó wo ọlọ́pàá. Ó tún wò ó. Ó sáré mú ṣọ́bìrì nílẹ̀, ó nà án síwájú. "Bí ẹ bá ti kú, ẹ má sún mọ́ mi!"

Ọkọ mi ní, "Kú báwo? Fíìmù ni."

Àwọn èèyàn tí wọ́n ti ń mú ẹ̀rín mọ́ra bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò ní ibi lọ́kàn, ṣùgbọ́n mo rí ojú Ọkọ Kékeré bó ṣe yí padà. Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò lórúnkún aṣọ funfun rẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi ikú ṣe tàkúté fún mi. Ti ìyá mi, ẹ ò pè mí sí i. Ti irọ́ lẹ pè mí sí, kí gbogbo àdúgbò lè fi mí rẹ́rìn-ín." Ó kọjú sí ọ̀kadà. Mo mọ̀ pé bó bá lọ báyìí, kò ní wá mọ́, bí a tilẹ̀ kú lóòótọ́.

Ọkọ mi ò tẹ̀ lé e. Ó dúró pẹ̀lú búútà rẹ̀, ó ní, "Ṣọ́bìrì yẹn, kí lo gbé e wá ṣe?"

Ọkọ Kékeré dúró, ṣùgbọ́n kò yíjú. "Kí n fi gbẹ́ ilẹ̀ yín."

"Wọ́n ní ọlọ́pàá ń wá ọ."

"Mo gbọ́."

"O sì wá."

"Mo ti pẹ́ lẹ́ẹ̀kan. N kò ní pẹ́ lẹ́ẹ̀kejì."

Obìnrin eléwúrẹ́ yẹn fi ìbòrí nu ojú.

Iná dé. Tẹlifíṣàn ké, gbogbo àwọn ọmọdé ké, "Iná ti dé o!" A ò tíì mọ ohun tí a máa ṣe tí igbe fi jáde nínú rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dá mi lóhùn! Ẹ má lọ láìjẹ́ ká parí ìjà!" Ọkọ Kékeré yíjú. Ó rí ọmọkùnrin tí kò mọ̀ rí tó dùbúlẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láyà. Àṣé ọ̀gá kúkurú yẹn ò lo èyí tí wọ́n ti yí ojú rẹ̀ sí ògiri. Ti àkọ́kọ́ ló lò. Omi náà ń ṣàn, gbogbo wa rí i.

"Òkú ń sunkún!" àwọn ọmọdé ń pariwo. "Ẹ wò ó, òkú ń sunkún!"

Ọkọ Kékeré bèèrè, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, "Ṣé omi ni wọ́n ta sí yín lójú?"

Ọkọ mi ní, "Rárá."

"Kí wá ni?"

"Ìwọ ni." Ó gbé búútà sílẹ̀. "Ó yẹ kí n dúró dè ọ́ lọ́jọ́ ìyá. Wọ́n ní oòrùn ń lọ. Oòrùn lọ lóòótọ́, ó sì padà wá lọ́jọ́ kejì. Ìwọ ni o ò padà."

Ọkọ Kékeré dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun. Nígbà tó dìde, ó gbé ṣọ́bìrì, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sábẹ́ igi ìṣin. Koríko ti bo ojú oórì ìyá wọn. Àwọn ọmọ máa ń ro ó lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ẹ mọ iṣẹ́ ọmọdé. Ó fi ṣọ́bìrì ha á títí tó fi mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu ìkúnwọ́ yèèpẹ̀ kan, ó dà á sí i. Ìkúnwọ́ kan yẹn péré. Ọkọ mi tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ó kí Alásárì rẹ̀. Ọkọ Kékeré ṣí fìlà, ó dúró títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sálámà.

Mo lọ dáná. Lọ́tẹ̀ yìí èéfín wà lóòótọ́, gbogbo wa sì lè di ẹ̀bi ojú pupa wa rù ú. Ọlọ́kadà tó gbé e wá bá wa jẹun. Bó ṣe ń fọwọ́, ó bèèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló wá pa bàbá?" Gbogbo wa la ti tẹ̀ lé àwọn méjèèjì lọ sábẹ́ igi ìṣin, tẹlifíṣàn ń dá sọ̀rọ̀, fíìmù sì ti tán. Títí di òní, èmi ò mọ ẹni tó pa ọkọ mi. Àwọn kan ní ìyàwó rẹ̀ ni. Mo ní kí wọ́n má tún sọ ọ́ mọ́.

Ọkọ Kékeré dá ṣọ́bìrì padà fún àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ní Sẹ̀kọ́nà lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ti bú u tán kó tó dé, nígbà tí wọ́n gbọ́ ìtàn rẹ̀ wọ́n ní kó jókòó kó tún un sọ. Kérésì ọdún náà, òun fúnra rẹ̀ ló gbé adìyẹ wá, ó dì í lẹ́sẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ọkọ mi jẹ itan rẹ̀ méjèèjì. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹni tí a bá sunkún ikú rẹ̀ láàyè, ẹ̀mí rẹ̀ á gùn. Ó sì jọ bẹ́ẹ̀, nítorí ìyẹn ti di ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó ṣì ń jẹ ẹ̀pà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ yẹn. Ó ti gbọ́ pé apá kẹfà ń bọ̀, ó sì ń bèèrè bóyá wọ́n tún ń wá òkú.

Nígbà tí àwọn ọmọ tèmi wálé fún Iléyá tó tẹ̀ lé e, èyí tó wà l'Ékòó, èyí tó wà ní Òṣogbo, àti èyí tó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo pè wọ́n sábẹ́ igi ìṣin. Mo ní, "Bí mo bá kú, kí ẹ tó pe àáfà, ẹ kọ́kọ́ pe ara yín. Ẹni tó bá wà lọ́nà, ẹ dúró dè é. Bí oòrùn bá fẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ilẹ̀ ò ní sá. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de òkú mi kí ẹ tó pe ara yín. Ìrọ̀lẹ́ òní náà dára láti parí ìjà." Èyí tó gbẹ̀yìn wọn bèèrè pé, "Màmá, bí ọkọ̀ bá dá ẹnìkan dúró lọ́nà ńkọ́?" Mo ní, "Kó gun ọ̀kadà. Kó má sì gbàgbé ṣọ́bìrì."